Ebi Àwẹ̀ró ní Ìlú Àwọn Ajẹfójú

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Wọn kò tíì gbé òṣùwọ̀n tí a fẹ́ fi wọn àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde, nọ́ọ̀sì ní kí a ṣe sùúrù, oòrùn sì ti gba ìdajì pèpéle yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa kó ara jọ síbi tí òjìji kù sí. Ìyá tí ó ró aṣọ aláró yẹn, mo rí ọ. O gbé fóònù síwájú ọmọ rẹ, o ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ọmọ náà sì ń gbé e mì bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi sínú kòtò. N kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn já sí, nítorí mo ti fi ẹsẹ̀ mi rìn ín, mo sì padà wá.

"Bàbá, ọ̀nà wo ló wà nínú ẹ̀kọ?" obìnrin aláṣọ aláró náà bi mí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́," ẹni tí ó jókòó tì í dáhùn. "Kí la tún ń ṣe níbí tẹ́lẹ̀?"

Ó ṣeun. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni Ọdẹ́yalé. Ẹ má wo irun funfun. Nígbà tí ara mi le, bí mo bá wúkọ́ ní etí igbó níhìn-ín, àgbọ̀nrín tí ó wà ní etí kejì á ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó rántí pé ẹranko kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹkùn kan wà tí ó máa ń yà fún mi lójú ọ̀nà, tí á sì bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Ìyẹn kọ́ ni ìtàn òní. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yìí, tí ń bó ẹ̀pà, ọmọ ọmọ mi ni. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ni ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ náà kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Nígbà tí nǹkan le, Ọdẹ́bùnmi gba ìlú òyìnbó lọ, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ó ń fi ṣíbí bọ́ ìyá oníyàá, ó ń nu ẹnu wọn, ó ń bá wọn wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ sọ́dọ̀ èmi àti Ṣẹ̀gilọlá ìyàwó mi. Ó ra fóònù kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ní kí a máa gbé e síwájú ọmọ ní àkókò oúnjẹ, kí òun lè máa rí i bó ṣe ń jẹun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dára. Ìyá á yọ nínú fóònù, á ní, "Àwẹ̀ró mi, kí ni ìyá àgbà sè?" Ọmọ á gbé àwo sókè kí ìyá rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ní àkókò ti ara rẹ̀. Ìgbà mìíràn á wá, ìgbà mìíràn kò ní lè wá. Ní ọjọ́ tí kò bá lè wá, Àwẹ̀ró á jókòó ti àwo, á máa wo fóònù tí ó ṣókùnkùn, oúnjẹ á tutù. Ni ẹni tí ń tún fóònù ṣe lọ́jà bá sọ fún Ṣẹ̀gilọlá pé áàpù kan wà tí àwọn ọmọdé fi ń jẹun. Ó bá wa fi sí i.

Ẹranko kékeré kan wà nínú áàpù náà. Ó rí roboto, ó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa yanu lọ. Oríṣiríṣi oúnjẹ á máa já bọ́ láti òkè, ọmọ á fi ìka tì í sí i lẹ́nu, ẹranko á jẹ ẹ́, á rẹ́rìn-ín, á jó, á tún yanu. Àwa pè é ní Ayanu. Bí Àwẹ̀ró ti ń bọ́ Ayanu ni Ṣẹ̀gilọlá ń bọ́ Àwẹ̀ró. Ṣíbí á wọlé, ṣíbí á jáde. Inú wa dùn pé àwo ń mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò wo ohun tí ó ń jẹ. O lè fún un ní ẹ̀wà, o lè fún un ní òwú, bákan náà ni. Nígbà tó yá, ohun tí ó bá dùn bí súìtì tí kò sì gba jíjẹ nìkan ni ó ń gbé mì. Ẹ̀fọ́ á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí ń jẹun o, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ń jẹun. Ẹ gba fóònù kúrò nídìí oúnjẹ."

A gbà á. Àwẹ̀ró kò ké, kò jà. Ó kàn pa ẹnu dé bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti rìnrìn àjò. Bí a bá ní, "Ṣé ebi kò pa ọ́ ni?" á mi orí. Kò purọ́. Ebi kò pa á lóòótọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, egungun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábẹ́ aṣọ, a sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ ju bí a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ.

Ṣẹ̀gilọlá dúró lé mi lórí. "Ọdẹ́yalé, ìwọ tí o ní kò sí ohun tí ó lè sá mọ́ ọ lọ́wọ́, kí ni ó sá kúrò lára ọmọ yìí?"

"N kò tíì rí ipasẹ̀ rẹ̀," mo ní.

"Dìde kí o lọ wá a nígbà náà. Àbí kí n bá ọ gbé ìbọn?"

Mo dìde, mo tẹjú mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni, pẹ̀lú ọmọ ìka tí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró gan-an. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró wà lórí ẹní nínú ilé, ẹsẹ̀ yìí sì ń jáde lọ. Kò wọ ilẹ̀. Eruku kàn mọ̀ pé nǹkan kan gba òun kọjá ni. Ọdẹ tí kì í bá ṣe irú mi kò lè rí i. Mo sì mọ ohun tí ó jẹ́: ebi ọmọ náà ni ó dìde, tí ó fi ilé wa sílẹ̀.

"Ebi ní ẹsẹ̀, bàbá?" obìnrin aláṣọ aláró ní.

Kí ni ó gbé ìwọ dìde lọ sídìí ìkòkò láàárọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Mo ń bá ìtàn mi lọ.

N kò ní sọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó fún yín. Mo kàn mọ̀ pé ilé ń kéré lẹ́yìn mi, igbó ń tóbi níwájú mi, títí mo fi wọ inú igbó kan tí kò ní etí. Ìwin kan ni ó ni igbó náà. Oníka ni wọ́n ń pè é, nítorí ìka kan ṣoṣo ni ó ní ní gbogbo ara rẹ̀. Ìka náà ga bí igi àgbọn, orí rẹ̀ sì ń tàn. Kò bú mi, kò lé mi. Ó kàn fi orí ìka kan igbó, ó fà á sókè, gbogbo igbó sì yí padà.

Ìrókò tí mo fẹ́ gba ìdí rẹ̀ kọjá ti lọ. Odò kan ni ó dé, àwọn ẹja aláràbarà ń fò nínú rẹ̀. N kò tíì wo ẹja tán tí ó tún fà á: ọ̀bọ kan ni ó dé, ó dé fìlà, ó ń jó. Ó tún fà á: ọmọ ọwọ́ kan ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín, Oníka fi ìka fa ọta ìbọn náà sókè pẹ̀lú igbó, n kò rí i mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dojú kọ ohun tí ó ní ìwo, mo ti dojú kọ ohun tí ó ní oró, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí ó ṣẹ́gun mi bí èyí, nítorí ẹ̀rù kò bà mí. Ó dùn mọ́ mi ni. Mo jókòó. Mo ní n ó wo ẹyọ kan péré sí i kí n tó máa lọ. Mo wo ẹyọ kan, mo wo òmíràn, irùngbọ̀n mi gùn dé àyà, n kò mọ̀. Mo gbàgbé ẹni tí mo wá wá.

Oníka rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ, o ti di tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn eré. Mo ní ọsàn tí kò kan, mo ní ẹja tí kò bàjẹ́, mo ní ọbẹ̀ tí kò jó ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí ni ó kù tí ìka mi kò lè fà wá? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá."

Mo ronú títí. Ojú mi kò jẹ́ kí n ronú, nítorí bí mo bá ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ kan dání, nǹkan mìíràn á ti dé. Ni mo bá di ojú mi méjèèjì. Ó dùn mí bí ìgbà tí a gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn. Nínú òkùnkùn yẹn ni imú mi ti jí. Mo fa èémí sínú, n kò gbọ́ òórùn kankan. Odò kò rùn, ẹja kò rùn, ọsàn kò ta sánsán.

"Òórùn," mo ní. "O kò ní òórùn."

Bí mo ti sọ ọ́ tán, mo gbọ́ òórùn kan láti ọ̀nà jíjìn, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, òórùn irú tí Ṣẹ̀gilọlá fi ń se ẹ̀fọ́. Ebi ọmọ náà ti gbé òórùn ilé ìdáná wa dání nígbà tí ó ń lọ. Mo pa ojú mi dé, mo gbé imú síwájú, mo rìn gba àárín igbó náà kọjá bí ẹni ń gba ààrin ilé ara rẹ̀ lọ, Oníka sì ń fa igbó lẹ́yìn mi, ó ń fà á, ó ń fà á, kò rí ẹni wò ó.

Nígbà tí mo la ojú, mo ti wà lẹ́nu bodè ìlú kan. Ìlú àwọn Ajẹfójú nìyẹn. Ojú wọn fẹ̀ bí àwo ìmùkọ, ọrùn wọn sì tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jókòó síta, oúnjẹ kún iwájú wọn: ìrẹsì bí òkè, adìyẹ tí awọ ara rẹ̀ ń dán, àkàrà tí ó ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n á gbé e síwájú ojú, wọ́n á wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn.

Obìnrin kan dìde kí mi. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá ọdẹ. Ẹ wá bá wa wò."

"Á gba ibi ire," mo ní, bí a ti máa ń sọ fún ẹni tí a bá nídìí oúnjẹ.

"Ibo ni ibi ire? Ojú ni tiwa ń gbà."

"Ẹ ṣé. Ìgbà wo ni ẹ máa ń yó?"

Ó wo ẹnì kejì rẹ̀, ẹnì kejì náà wò ó. "Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" ó bi mí, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ń wá a kiri.

Àárín ìlú ni ọba wọn wà. Ayanu ni. Nínú fóònù tiwa, kò ju ìkúùkù lọ. Níbẹ̀, ó ga bí àpáta, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu ọ̀nà ilé ńlá tí a kò kan ilẹ̀kùn sí. Àwọn ọmọdé tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń ti oúnjẹ sí i lẹ́nu. Mo súnmọ́ wọn, mo rí i pé ènìyàn kọ́ ni wọ́n. Ebi ọmọdé ni gbogbo wọn, ara wọn mọ́ gaara bí èémí lójú dígí. Ìyá aláṣọ aláró, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ jọ ti ọmọ rẹ yìí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀," ó ní. Ṣíbí rẹ̀ ti dúró.

Mo fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo fi í sílẹ̀ sí, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè pọ̀n.

Mo rí ti Àwẹ̀ró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí Ayanu lẹ́nu, bí ó bá sì tì í tán, á gbé ojú sókè, á wo ojú Ayanu bí ẹni ń retí nǹkan, kí ó tó lọ gbé òmíràn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bí a ti kọ́ ọ láti kí àgbàlagbà tí kò mọ̀.

"Wá ká lọ sílé," mo ní. "Ìyá àgbà ti se ẹ̀wà."

"Mo ti yó, ẹ ṣé sà."

"Wọ́n bu epo sí i, wọ́n fi ẹja sí i."

"Mo ti yó, ẹ ṣé sà."

"Ẹyin ńkọ́? Wọ́n din ẹyin."

"Mo ti yó, sà," ó ní, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí ó gbé itọ́ mì.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́ yẹn. Àwa fúnra wa ni a kọ́ wọn. Bí a bá mú ọmọ lọ sílé onílé, tí onílé ní kí ó wá jẹun, ọmọ tí a tọ́ á ní òun ti yó, kódà kí inú rẹ̀ máa kígbe. Lẹ́yìn náà ni á yí ojú sí ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ranjú, ọmọ á ká ọwọ́ kò. Bí ìyá bá sì rọra pa ìpéǹpéjú dé lẹ́ẹ̀kan báyìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohùn kankan. Mo wo ọmọ yìí, mo wo ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ, ó yé mi.

"Ojú ta ni ò ń wò kí o tó jẹun?" mo bi í.

"Ojú màmá mi."

"Ṣebí wọ́n máa ń yọ sí ọ nínú fóònù."

"Wọ́n máa ń yọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í wò mí." Ó fi ìka fa ilẹ̀. "Wọ́n á ní 'jẹun, ọmọ mi', ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ojú wọn máa ń wà, bí ẹni ń wo àyà mi. Mo máa ń yí àwo síbí, mo máa ń yí i sọ́hùn-ún, kí ojú wa lè pàdé. Kò pàdé. Ni mo bá wá ojú wọn wá síbí. Ayanu ní òun mọ gbogbo ojú tí ó wà nínú fóònù. Ó ní bí òun bá ti yó, òun á fi tiwọn hàn mí."

Mo wo ẹnu tí kò nílẹ̀kùn yẹn. Mo mọ̀ pé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í yó.

N kò ní ojú Ọdẹ́bùnmi lọ́wọ́. Tèmi nìkan ni mo ní. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ láti ìgbà tí a ti bí i pé ojú mi ni ó gbé wáyé. Mo ṣí fìlà, mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ títí ojú mi fi bá tirẹ̀ dọ́gba. Mo wò ó, mo sì rọra pa ìpéǹpéjú mi dé lẹ́ẹ̀kan.

Ó wò mí pẹ́. "Ó jọ tiwọn," ó ní. "Ṣùgbọ́n tiyín ti rí nǹkan púpọ̀ jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tèmi. Kò wúwo ju ìyẹ́ ẹyẹ lọ.

Ayanu pa ẹnu dé. Gbogbo ìlú gbé ojú kúrò lára oúnjẹ, nítorí wọn kò tíì rí i kí ó pa ẹnu dé rí. "Ọdẹ, ibo ni ò ń mú u lọ?"

"Sílé wa."

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí?"

Mo rántí. A kò gbọ́ ọ rí. A tilẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn ará ilé kejì pé ọmọ wa gbọ́n, kì í sunkún ìyá.

"Ọ̀dọ̀ mi ni ẹkún náà wà," Ayanu ní. "Ebi oúnjẹ àti àárò ìyá rẹ̀, ara kan náà ni. N kò lè là á sí méjì fún ọ. Bí o bá mú u lọ, ọmọ á jẹun, á sì mọ̀ pé ìyá òun kò sí nílé. Á mọ̀ ọ́n láàárọ̀, á mọ̀ ọ́n lálẹ́. Fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi á máa pa á lẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má rò pé mo tètè dáhùn. Mo ti gbé ọmọ yìí sùn. Mo mọ bí ilé ti máa ń dákẹ́. Mo yíjú sí ọmọ náà.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ó wí?"

"Mo gbọ́, bàbá." Ó ti mọ̀ mí wàyí.

"Kí ni o fẹ́?"

Ó di ẹ̀wù ọdẹ mi mú. "Ebi ń pa mí," ó ní.

Mo gbé e pọ̀n. Èmi Ọdẹ́yalé, tí ẹkùn ń bèèrè àlàáfíà ìyàwó mi, mo fi aṣọ ìbora ọdẹ mi so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn bí ìyálọ́mọ, mo sì sá. Ayanu la ẹnu, ó fa afẹ́fẹ́ sínú. Àkàrà gíga wó, adìyẹ tí ń dán fò kọjá létí mi, ìbọn mi tí mo gbé sílẹ̀ wọ ọ̀fun rẹ̀ lọ, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Mo di ojú mi. Mo ní, "Àwẹ̀ró, imú rẹ ṣe tuntun ju tèmi lọ, ọ̀nà wo ni?" Ó ń sọ fún mi létí: "Ọ̀tún, bàbá. Wọ́n ń yan ẹja níbì kan. Òsì. Iná igi ni." Bí a ti ń súnmọ́ ilé ni ó ń wúwo lẹ́yìn mi, títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ ṣẹ́, inú mi sì ń dùn sí i.

Mo bá Ṣẹ̀gilọlá níbi tí ó ti ń fẹ́ ọmọ náà lórí ẹní. Mo tú aṣọ. N kò rí ìgbà tí ó wọlé sí i lára. Mo kàn rí i tí Àwẹ̀ró la ojú, tí ó jókòó, tí imú rẹ̀ sì mì.

"Ìyá àgbà, ebi ń pa mí."

Ṣẹ̀gilọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìkòkò nù. Ó bu ẹ̀wà fún un. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ẹ́, ó ń wò ó, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń rún un lẹ́nu bí ẹni ń kí i. Láàárín oúnjẹ ni ó dúró. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo yàrá tí ìyá rẹ̀ máa ń sùn. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ó gùn.

"Kí ni o gbé wálé fún mi yìí, Ọdẹ́yalé?" ìyàwó mi bi mí.

"Ebi rẹ̀ ni."

"Ebi wo ló ń sunkún báyìí?"

"Tirẹ̀ ni."

Ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, kò sì bi mí ní nǹkan mìíràn, nítorí òun náà ń sunkún ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ó mú ẹja tí ó pamọ́ jáde, ó ní kí Àwẹ̀ró gbà á. Ọmọ náà na ọwọ́, ó wo ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ kò. "Mo ti yó, ẹ ṣé mà," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń sọ ọ́ ní ìlú àwọn Ajẹfójú. Mo mọ̀ pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, n ó tún rí ipasẹ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọdẹ́bùnmi pè. Ojú rẹ̀ yọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Mo wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ: ó ń wò wá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àwẹ̀ró mi ńkọ́? Ẹ yí i sí mi."

"Ọdẹ́bùnmi, má wò wá."

"Kí ni mo ṣe, bàbá?"

"O kò ṣe nǹkan kan. Ihò dúdú kékeré kan wà lókè ojú fóònù rẹ, ojú kámẹ́rà tí ó fi ń rí ọ. Òun ni kí o wò."

Ó wá a, ó rí i. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo ìyẹn, mi ò ní rí i."

"Mo mọ̀."

"Bàbá, gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń dúró de àkókò yìí kí n lè rí i. Kò sí nǹkan mìíràn tí mò ń wò níbí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìyá rẹ mú ẹja dání. Ọmọ rẹ ń dúró de ojú rẹ kí ó tó gbà á."

Kò bèèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọmọ ilé wa ni. Òun náà ti jókòó rí nílé onílé, tí ó ń dúró de ojú Ṣẹ̀gilọlá. Ó gbé ojú kúrò lára wa, ó gbé e sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ sì wọ inú ilé wa tààrà. Ṣẹ̀gilọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwẹ̀ró gbé ojú sókè pàdé rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi wo ihò dúdú náà bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀, ó rọra pa ìpéǹpéjú dé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹja.

"Ṣé ó ti gbà á?" Ọdẹ́bùnmi bèèrè.

"Ó ti gbà á."

"Ṣé ó ń jẹ ẹ́?"

"Ó ń yọ egungun. Má gbójú kúrò."

"Mi ò gbójú kúrò," ó ní, omi sì ń dà lójú náà, kò nù ún.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Ẹni tí ó bá ní mo parọ́, kí ó lọ bá mi gba ìbọn mi lọ́fun Ayanu wá. Ọmọ náà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ ó wọ̀n ọ́n lójú ara yín. Ó máa ń sunkún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin mi kò tíì tún fojú kan ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ihò dúdú yẹn ni ó ń wò. Ṣẹ̀gilọlá á jókòó ti fóònù, á máa sọ fún un: ó ti bu ẹ̀fọ́, ó ti mu omi, ó ń rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ ti kán sí i lágbọ̀n, lápá òsì. Ní ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún, Ọdẹ́bùnmi á na ọwọ́ sí òfìfo níwájú rẹ̀, á fi àtàǹpàkò nu apá òsì náà, á sì bèèrè pé, "Ṣé ó ti kúrò?"